Ọmọbìnrin Tí Ó Gbé Kámẹ́rà

  

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, lẹ́tà kan ni ó gba gbogbo àyè mi. Ìyá kan ni ó kọ ọ́ láti Ìbàdàn. Ó ní ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 19, ti parí ilé-ìwé girama, kò rí yunifásítì wọ̀ ní ọdún yìí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ fídíò yíyà. Èyí kò bí ìyá nínú. Ohun tí ó bà á lẹ́rù ni pé ọmọ náà wọ ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ya fídíò àti àwọn tí ń ṣe fíìmù. Ẹ gbọ́ bí ó ti kọ ọ́:

"Wọ́n ju 600 lọ. N kò mọ ẹyọ kan nínú wọn, òun náà kò sì rí ju mẹ́ta lọ sójú rí. Títí di aago kan òru ni fóònù ń dún. Ní ìjẹta, ẹnì kan nínú wọn ní kí ó wá bá òun ṣiṣẹ́ ní Èkó ní ọjọ́ Sátidé tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù yìí. Bàbá rẹ̀ ní kí n gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé kí n gbà á ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún un?"

Ìyá wa, mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ni ó mú yín kọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gba fóònù náà. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi ná.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń dá ẹjọ́ lé lórí. Ẹni tí ń ya fídíò lóde òní kì í sábà ní ọ̀gá tí ń san owó oṣù fún un. Alágbàṣe ni, gẹ́gẹ́ bí birikilà àti káfíńtà. Bí iṣẹ́ bá yọ, wọn a pè é. Bí iṣẹ́ kò bá yọ, a jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan ni yóò di kámẹ́rà mú, ẹlòmíràn ni yóò mójútó ohùn, ẹlòmíràn ni yóò gbé iná. Ẹlòmíràn a sì jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ mélòó kan, a gé èyí tí kò wúlò kúrò, a to èyí tí ó dára pọ̀. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ ìgbéyàwó ní ọjọ́ Sátidé nílò ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí yóò bá a ṣe é. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ Mọ́ńdé, gbogbo wọn a túká. Níbo ni yóò ti rí wọn? Nínú ẹgbẹ́ ni.

Gbogbo yín ni ẹ ti kọjá ní ìkòríta tí àwọn alágbàṣe ń dúró sí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí wọ́n kó ṣọ́bìrì àti tírówẹ̀lì lọ́wọ́, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò wá pè wọ́n síṣẹ́. Ìkòríta àwọn tí ń ya fídíò ni ẹgbẹ́ orí fóònù yìí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè dúró ní ìkòríta yìí láti inú yàrá rẹ̀, a kò sì rí ojú ẹni tí ó wá pè wọ́n. Ibẹ̀ ni ìrọ̀rùn rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà.

Ẹ má rò pé ìgbà yìí ni àwọn òbí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rù nítorí irú iṣẹ́ yìí. Àwọn tí ó dàgbà nínú yín rántí ìgbà tí ẹgbẹ́ eré ń fi ọkọ̀ káàkiri ìlú, tí wọ́n ń kéde eré alẹ́ ní àárín ọjà. Nígbà náà, ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ní láti fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá. Yóò fọ abọ́, yóò gbé ẹrù, yóò sùn nínú ọkọ̀, kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ kan sí i lẹ́nu nínú eré. Ní ti ọmọbìnrin, ẹnu ayé pọ̀ lórí rẹ̀. Olóyè Hubert Ògúndé pàápàá fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré-bìnrin rẹ̀ sílé, kí ẹgbẹ́ má baà tú. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá wọ ẹgbẹ́ eré nígbà náà kì í mọ ìlú tí ọmọ sùn sí. Ọmọ tiyín, ìyá wa, inú ilé yín ni ó ti ń kọ́ṣẹ́, ẹ sì ń gbọ́ ohùn fóònù rẹ̀.

Ní ọdún 1979, Ògúndé gbé fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, èyí tí ó pè ní Aiyé. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Àwọn eléré sì dá ẹgbẹ́ ńlá kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ANTP, wọ́n sì fi Ògúndé ṣe ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọn kò dá a sílẹ̀ fún fàájì. Owó ńlá ni fíìmù ìgbà náà ń gbà. Òkè òkun ni wọ́n ń kó o lọ kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́, bí èyí tí wọ́n yà kò bá sì dára, owó ti wọgbó nìyẹn.

Ẹ sì rántí Baba Sàlá, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀. Ní ọdún 1982 ó ṣe Ọ̀run Móoru, ó sì náwó nára lé e lórí. Kí ó tó jẹ èrè rẹ̀, àwọn olè ti rí ẹ̀dà rẹ̀ gbé, wọ́n ti dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Gbèsè ni ọkùnrin tí ó pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín bá délé. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ yìí ni ó kọ́gbọ́n lára rẹ̀ pé ẹni tí ó bá dá wà ni olè ń yára jà.

Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà fídíò dé. Nígbà tí owó fíìmù ti kọjá agbára gbogbo wọn, àwọn bíi Muyideen Àlàdé Àrómirẹ́ mú fídíò, wọ́n fi ń ṣe eré Yorùbá, wọ́n sì ń tà á ní Ìdúmọ̀tà ní Èkó. Láti ìgbà náà ni irinṣẹ́ ti ń kéré sí i, tí owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Lónìí, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ yín ń ya àwòrán tí ó mọ́ ju ti kámẹ́rà fídíò ìgbà náà lọ. Ṣùgbọ́n bí irinṣẹ́ ti rọrùn tó, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò rọrùn. Ọmọ lè ra kámẹ́rà ní ọjọ́ kan. Kò lè ra ọ̀gá. Nínú ẹgbẹ́ ni ó ti ń wá ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi ojú ara mi rí. Ọmọ àbúrò mi kan ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún un pé kí ó wá ya wòlímọ̀ Kùránì ti àwọn ọmọ kéwú kan. Nígbà tí ó dé ilé tí ó wo ohun tí ó yà, ìlà dúdú ń sáré lórí ògiri, bí ẹni pé omi ń ṣàn lórí rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó fi í han ẹgbẹ́, ó ní kí wọ́n gba òun. Kí n tó jẹun tán, ọkùnrin kan ti dá a lóhùn láti Abẹ́òkúta.

Ó ṣàlàyé fún un pé iná mànàmáná ilẹ̀ Nàìjíríà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàrín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà gílóòbù ń mọ́lẹ̀ ó sì ń rẹ̀yìn ní ìgbà 100. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n ojú kámẹ́rà rí i. Ó ní ó dàbí ẹni pé ètò Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe sí kámẹ́rà rẹ̀, níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 60. Ó ní kí ó yí i sí 50, kí ó sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà máa ṣí fún ìdá kan nínú ìdá 50 ìṣẹ́jú-àáyá. Ọmọ náà yí i, ó dán an wò lábẹ́ iná pálọ̀ mi, ìlà náà sì pòórá. Èyí tí ó ti yà tẹ́lẹ̀ kò ṣe é tún ṣe. Ó lọ bẹ àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún un, ó sì dá díẹ̀ padà nínú owó wọn. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò tún ṣẹlẹ̀ sí i mọ́. Ọkùnrin ará Abẹ́òkúta yẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ rere ń ṣe nìyẹn. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ bàjẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó a rí èyí tí yóò yá lò. Ẹni tí iṣẹ́ méjì bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan a fi ọ̀kan fún ẹlòmíràn. Wọn a sọ iye tí ó yẹ kí ènìyàn gbà, kí ọmọ tuntun má baà ta iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ kí ó sì ba ọjà jẹ́. Wọn a máa kìlọ̀ fún ara wọn nípa ẹni tí kì í san owó oníṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù, tí ẹ sì ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ́jà, ṣé kò yé yín? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tí ó dùn mí wọra, tí kò jẹ́ kí n lè sọ pé kí ẹ gba fóònù yẹn.

Ní ìdílé tèmi, a so yìgì ọmọ wa obìnrin kan. Ní ọjọ́ làálì, àwọn obìnrin nìkan ni ó wà ní yàrá. Ìyàwó ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí a gbà fún fídíò wọlé, ó ya ohun gbogbo, kò sì sí ẹni tí ó dá a dúró, nítorí a rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwòrán yẹn fi dé orí fóònù káàkiri. Ó ti gbé e sí ojúde ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ayé lè rí bí ọwọ́ òun ti dáńgájíá tó. Ìyàwó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Àwọn àna bínú. A lọ bẹ oníṣẹ́ náà, ó sì mú un kúrò, ó ní òun kò mọ̀ pé ó burú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wọ inú fóònù àwọn ẹlòmíràn, ta ni yóò pè é padà? Ẹyin ni ọ̀rọ̀; mo ti wá rí i pé ẹyin ni àwòrán náà. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àwa ni a kò sọ fún un, àwa ni a kò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi léèrè ní ọjọ́ náà pé: níbo ni ọmọbìnrin tí ó mọ iṣẹ́ yìí wà, tí ó sì mọ ìlànà ilé wa, tí ìbá wọ yàrá yẹn pẹ̀lú kámẹ́rà, tí ọkàn gbogbo wa ìbá balẹ̀? A wá a, a kò rí i. Ìyá wa, bóyá ọmọ yín ni à ń wá.

Ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí èyí sọ fún yín pé ewu kò sí. Ewu wà. Èyí ni ìmọ̀ràn mi, ẹ pe ọmọ náà kí ẹ jọ kà á.

Èkíní, a kì í sanwó kí a tó ríṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ó fi owó ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́ kí òun tó fún un níṣẹ́, oníjìbìtì ni. Oníṣẹ́ ni ó yẹ kí wọ́n sanwó fún.

Èkejì, kí ó má ṣe dá lọ bá ẹni tí kò rí rí, pàápàá ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ní ilé àdáni. Kí ó béèrè orúkọ ẹni tí ó ni ayẹyẹ, àdírẹ́sì ibi tí yóò ti wáyé, àti orúkọ àwọn tí wọn yóò jọ ṣiṣẹ́. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ bóyá wọ́n mọ ẹni náà, kí ó sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Bí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ mú ẹnì kejì dání, kí ó yára mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ohun tí ó bá yà nínú ilé ènìyàn, àṣírí ilé náà ni. Kí ó má ṣe fi han ẹgbẹ́, kí ó má sì fi polówó ara rẹ̀, àfi bí àwọn tí ó ni ín bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fẹ́ béèrè ìrànlọ́wọ́ bí ọmọ àbúrò mi ti ṣe, kí ó gé ibi tí ojú ènìyàn kò sí, kí ó fi èyí hàn wọ́n.

Ẹ̀kẹrin, kí ó pa iṣẹ́ mọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta kí ó tó nu káàdì kámẹ́rà: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan sórí ohun ìpamọ́ mìíràn, ọ̀kan sí ibòmíràn tí kì í ṣe ilé kan náà. Iná lè jó, olè lè jà, kọ̀ǹpútà lè kú lójijì. Kò sí ẹni tí ó lè tún ìgbéyàwó ṣe nítorí pé fídíò sọnù.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó ṣọ́ra fún àwọn tí yóò máa sọ pé, "Bá wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ayé yóò mọ̀ ọ́." Bí ó bá tẹ̀lé ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láti kọ́ṣẹ́, kò burú. Lẹ́yìn èyí, kí ó dárúkọ owó, kí ó sì gba àsansílẹ̀ kí ó tó gbé kámẹ́rà jáde.

Ẹ̀kẹfà, fóònù gbọ́dọ̀ ní àkókò tirẹ̀. Ẹ jọ fi ẹnu kò sí i pé lẹ́yìn ìrun ìṣáì, nígbà tí ó bá di àkókò tí ẹ bá dá, pálọ̀ ni fóònù yóò sùn. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi í ní òru, yóò dá a lóhùn ní òwúrọ̀. Ẹgbẹ́ rere kò ní lé ọmọ ènìyàn nítorí pé ó sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba wọ́n síṣẹ́, ọ̀rọ̀ yín kù. A máa ń ra aṣọ ẹbí ní owó gọbọi, a sì ń ná ọmọ tí yóò fi ìrántí ọjọ́ náà sílẹ̀ fún wa bí ẹni tí ń ná ata. Ẹ san àsansílẹ̀, kí ẹ sì san ìyókù ní ọjọ́ tí ẹ dá. Ẹ fún wọn lóúnjẹ. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti dúró lórí ẹsẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé, ì báà jẹ́ ojú ewé kan péré. Òfin tuntun ilẹ̀ Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fi ẹ̀tọ́ púpọ̀ sí ọwọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. Nítorí náà ẹ má rò pé owó tí ẹ san nìkan ti tó. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé yàrá báyìí, obìnrin nìkan ni yóò wọ̀ ọ́; pé àwòrán kankan kò gbọdọ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i; àti ọjọ́ tí wọn yóò nu ẹ̀dà tí ó kù lọ́wọ́ wọn. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, omijé ìyàwó wa yẹn ìbá má jáde.

Ìyá wa, ó wá ku ọ̀rọ̀ Èkó. Ẹ pe ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà fúnra yín, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ohun tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí. Bí ó bá jẹ́ ọmọlúàbí, inú rẹ̀ yóò dùn pé ọmọ náà ní ilé tí ó ti wá. Bí ó bá bínú, tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po, èsì yín nìyẹn. Bí ohun gbogbo bá sì tọ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ẹ̀yin fúnra yín bá a lọ ní ìgbà àkọ́kọ́ yìí. Ẹ jókòó sí ẹ̀yìn, kí ẹ wo bí ọmọ yín ṣe ń ṣiṣẹ́. Bóyá ẹ kò tíì rí i rí.

Ẹ fún bàbá rẹ̀ ní ìwé yìí kà. Ẹ sọ fún un pé mo kí i, mo sì mọ̀ pé ààbò ni ó ń wá. Bí ẹ bá gba fóònù lónìí, lọ́la ọmọ náà yóò rí òmíràn, kò sì ní fi hàn yín mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ẹ mọ ọ̀gá tí ó ń kọ́ ọ, tí ẹ mọ ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà ti wà nínú ẹgbẹ́ nìyẹn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nígbà tí ẹ bá ti Èkó dé, ẹ kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ bí ó ti rí. Ọmọbìnrin kan sì tún wà nínú ìdílé mi tí a ó so yìgì rẹ̀ láìpẹ́, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Bí ọwọ́ ọmọ yín bá mọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ti rò, èmi ni n ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè é, n ó sì san àsansílẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run bá wa dá àwọn ọmọ sí, kí ó sì fi ọ̀nà rere hàn wọ́n. Àmín.